Omi Abẹ́ Àkùrọ̀

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìsinmi. Mo mọ̀ pé ẹni tó ti lọ kì í gba lẹ́tà, ṣùgbọ́n bí n kò bá kọ èyí, àyà mi á bẹ́. Kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún nínú ilé yìí mọ́. Ìyá mi ń sunkún láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Múfú wà ní ọsibítù, ó ń wo apá rẹ̀ bí ẹni pé apá ẹlòmíràn ni. Ẹ̀yin nìkan ló kù tí mo lè pariwo mọ́.

N kò ní tàn yín jẹ. Ilé yín ti dàrú. Ẹ̀jẹ̀ ti ta sí ẹ̀bá kànga, ọmọ yín ti ṣá ọmọ yín ládàá, ọmọ-ọmọ yín kan sì ti wọ ilẹ̀ lọ. Ní Jímọ̀ tó kọjá yìí, àwọn àgbà ìdílé kó òkúta wá sí àkùrọ̀ yín, wọ́n ní àwọn máa dí kànga méjèèjì tó wà níbẹ̀ pa, kí ibẹ̀ di igbó, kí ìjà lè tán. Bí ẹni pé omi ló ń jà! Èmi ni mo gbé àdá dúró dè wọ́n. Ẹ jókòó kí n sọ bí ó ṣe dé ibẹ̀.

Ẹ rántí bí àkùrọ̀ yẹn ṣe máa ń rí nígbà ọyẹ́? Gbogbo ọ̀nà láti Ọ̀yọ́ dé Ogbómọ̀ṣọ́ á ti pupa fún eruku, koríko á ti gbẹ bí ìgbálẹ̀, ṣùgbọ́n tí èèyàn bá yà kúrò lójú títì, tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ yẹn, ewé tútù lá bá níbẹ̀. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ata, tòmátò. Àwọn oníṣòwò Sábó á ti kó apẹ̀rẹ̀ wọn dúró dè wá kí a tó sọ ẹrù kalẹ̀ ní Ọjà Igbó, torí pé kò sí ẹlòmíràn tó ní tòmátò lásìkò náà. Òjò kò rọ̀, odò ti gbẹ, abẹ́ ilẹ̀ ló ń bọ́ wa. Mo jẹun níbẹ̀, mo kàwé níbẹ̀, aṣọ tí mo wọ lọ ilé ọkọ, ibẹ̀ ló ti wá.

Mo tún rántí pé ẹ kì í jẹ́ kí a fa omi kànga náà léraléra. Bí a bá ti bomi rin ebè tán láàárọ̀, ẹ ó fi páànù bò ó, ẹ ó jókòó tì í, ẹ ó máa pa ẹ̀pà jẹ. Ẹni tó bá gbé korobá súnmọ́ ibẹ̀, ojú lásán lẹ fi ń lé e padà. Ẹ ní kí a jẹ́ kí kànga mí. Mo rò nígbà náà pé ọ̀lẹ ń mú yín ni. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ kò fi ṣàlàyé fún wa? Ṣé ẹ rò pé a ó máa wò yín títí a ó fi gbọ́n?

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́ yín, Bàbá Ọ̀yọ́ àbúrò yín wá pín ogún. Wọ́n pín in ní ìdí igi. Ìyálé, tí Ọlọ́run ti pè ṣáájú yín, fi Bùrọ̀dá Sàlíù nìkan sílẹ̀; ìyá mi ní èmi àti Múfú. Apá kan fún ìdí igi kan, apá kejì fún èkejì. Wọ́n gbin pèrègún láti òkè dé ìsàlẹ̀ àkùrọ̀ náà. Kànga yín bọ́ sí ọ̀dọ̀ Bùrọ̀dá Sàlíù.

Bàbá Ọ̀yọ́ gbọn ọwọ́ wọn, wọ́n ní, “Ilẹ̀ la pín o, a ò pín ìjà.” Gbogbo wa ṣe àmín. Kò sí ẹni tó dárúkọ omi, àwọn ò dárúkọ rẹ̀, èmi náà ò sì dárúkọ rẹ̀. Ta ní í pín ohun tí kò rí?

Ọyẹ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn yín ló bà wá jẹ́. Sáàpù ìjọba ti dé, ọrọ̀ ajé ti dẹnu kọlẹ̀, iléeṣẹ́ tí Múfú wà ti lé wọn dànù, ọmọ náà padà wálé, ó ní ọkọ́ lòun ó máa fi jẹun. Ìgbà tí a dé àkùrọ̀, Bùrọ̀dá Sàlíù ti ní kí wẹ́lídà ṣe ìdérí onírin sí kànga yín, ó sì ti fi àgádágodo tì í. Kànga tí àlejò ń bu omi rẹ̀ mu nígbà ayé yín! Ìyá mi gbé korobá lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, wọ́n kí ìyàwó Sàlíù pé ó kú iṣẹ́. Ìyẹn ní, “Ẹ lọ gbẹ́ tiyín, Ìyá. Ẹ ti gba ìpín yín.” Ìyá mi ò gbọ́, wọ́n na ọwọ́ sí ìdérí. Ó tì wọ́n. Wọ́n fi ẹnu balẹ̀ lórí irin náà, eyín iwájú wọn kan sì kán.

Ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo so ìró mi le, mo fọ́ ìyàwó náà létí ọ̀tún, mo fọ́ ọ ní tòsì, mo sì fi orí rẹ̀ bọ inú omi ebè títí àwọn èèyàn fi gbà á lọ́wọ́ mi. N kò tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé inú mi kì í pẹ́ gbóná.

A gbẹ́ tiwa, kò ju ibi tí òkò lè dé sí ìdí pèrègún. Múfú àti àwọn agbẹ́kànga kan òkúta, wọ́n fi irin lù ú títí apá wọn fi wú, nígbà tó yá omi sì yọ, ó tutù bí yìnyín. Mo jó, ìyá mi tó ti kán léyín náà jó. Korobá la fi ń fa omi rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin gbáko, kí Múfú tó rí ẹ̀rọ tí ń fa omi kan rà ní Ọ̀yọ́, àlòkù, a gbé e sórí mọ́tò akẹ́rù wálé. Láti ọjọ́ náà, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹ̀rọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í bú ramúramù, rọ́bà rẹ̀ á máa tu omi sí ebè bí ẹni tí inú ń bí. A ò fún un ní ìsinmi. Tòmátò wa tóbi tó ìkúùkù.

Kò pẹ́ tí korobá Bùrọ̀dá Sàlíù fi bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹrẹ̀ jáde. Á jù ú sísàlẹ̀, a ó gbọ́ tí ó máa dún gbàgà lórí òkúta. Ata rẹ̀ ń rọ lójú wa. Mo rẹ́rìn-ín, Bàbá mi. Mo rẹ́rìn-ín sókè kí ó lè gbọ́. Mo gbà pé Ọlọ́run ló ń bá wa gbẹ̀san eyín ìyá mi.

Ó dé bá wa ní ọ̀sán gangan pẹ̀lú òòlù ńlá tí wọ́n fi ń fọ́ òkúta. “Olè! Olè ni yín! Ẹ ń jí omi mi!”

Múfú dìde. “Omi yín báwo, Bùrọ̀dá? Ṣé a ṣí ìdérí yín ni?”

Bùrọ̀dá Sàlíù gbé òòlù sókè, ó sọ ọ́ sórí ẹ̀rọ náà, irin fọ́n ká, epo ta sí gbogbo wa lára. Múfú dì í mú ní ìbàdí, Bùrọ̀dá fi ìgúnpá gbá a lẹ́nu, ètè ọmọ náà là. Mo fa èkù ọkọ́ yọ, mo sì fi nà án ní èjìká, mo tún nà án lẹ́yìn títí èkù fi kán lọ́wọ́ mi. Ó ń sunkún bí ó ṣe ń fọ́ ẹ̀rọ náà, àkọ́bí yín, àgbàlagbà tó ti ń hu ewú. Àwọn tó ń dáko nítòsí ló sá wá là wá.

Bàbá Ọ̀yọ́ tún wọ mọ́tò wá. Wọ́n kó wa lọ sí mọ́ṣáláṣí, wọ́n ní kí a gbé ọwọ́ lé Kùránì. Bùrọ̀dá Sàlíù búra pé ọwọ́ òun kò ní kan wa mọ́. Ó sì pa ìbúra náà mọ́ nígbà náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí n purọ́ mọ́ ọn. Ọwọ́ rẹ̀ kò kàn wá.

Kànga ló kàn. Mo ń bọ̀ láti Ọjà Igbó lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà oko, ó di kẹ́ẹ̀gì òfìfo kan mú, ó sì yí ojú sí igbó bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Ìgbà tí mo dé ìdí kànga wa, ọ́ìlì dúdú tí àwọn mẹkáníìkì máa ń dànù ló léfòó lórí omi. Òórùn oògùn tí wọ́n fi ń fín kòkó ń jáde láti inú rẹ̀, omi sì ń bọ́ lójú mi. Mo ké títí ohùn mi fi há. A ya lọ sí ilé rẹ̀, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú àdá, ó ní, “Ta ló rí mi?” A lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ní kí a mú ẹlẹ́rìí wá. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo kì í ṣe ẹ̀rí.

A fi kànga wa sílẹ̀. Tòmátò bẹ̀rẹ̀ sí í kú lórí igi. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì pèrègún, omi ti padà sínú kànga yín, Bùrọ̀dá Sàlíù sì ń fà á láti àárọ̀ títí ìrọ̀lẹ́, ó ń kọrin. A jókòó, a ń wò ó. Bàbá mi, mo fi Ọlọ́run búra, kò sí ẹnì kankan nínú wa tó rò ó. Omi rẹ̀ ti gbẹ nígbà tí a ń fa tiwa, ó padà nígbà tí a dákẹ́, síbẹ̀ kò sí ẹni tó rò ó. A ti pín ilẹ̀. Pèrègún wà láàárín. Ó jọ pé a rò pé gbòǹgbò pèrègún náà gùn dé ìsàlẹ̀ ayé, tó sì la omi sí méjì fún wa.

Ẹ kò mọ Sàrátù. Ẹ̀yìn yín ni wọ́n bí i, ọmọ Bùrọ̀dá Sàlíù, àbíkẹ́yìn. Ó jọ yín níwájú orí. Bí a ti ń jà tó, ọmọ náà máa ń gba abẹ́ pèrègún kọjá wá sọ́dọ̀ mi, á ní, “Àǹtí, ẹ fún mi ní tòmátò kan.” Mo máa ń fún un. Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn tí a fi kànga wa sílẹ̀, ó sáré títí, òùngbẹ gbẹ ẹ́, ó ki igbá bọ korobá tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde. Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ẹnu rẹ̀ ń hó. Orí itan ìyá rẹ̀ ló ti kú nínú mọ́tò, wọn ò tíì dé ọsibítù.

Bùrọ̀dá Sàlíù kò bá wọn dé ibi tí wọ́n ti gbé òkú sọ̀. Ó bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, ó sáré padà sí àkùrọ̀, ó mú àdá. Múfú ń tu tòmátò tó ti kú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò rí i. “Ẹ pa ọmọ mi! Ẹ da oògùn sí kànga mi, ẹ pa ọmọ mi!” Ìgbà tí Múfú fi máa gbé apá sókè, àdá ti wọ̀ ọ́, mo rí egungun, funfun báláú. Ó tún ṣá a ní èjìká. Ẹ̀jẹ̀ ń tú sórí ewé tó ti gbẹ, ewé náà ń dún. N kò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Mo fò mọ́ Bùrọ̀dá Sàlíù, mo ki ọrùn ọwọ́ rẹ̀ bọ ẹnu, mo sì gé e jẹ títí eyín mi fi pàdé, títí àdá fi bọ́. Mo tu ẹran ara rẹ̀ dànù. Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ọmọ tí ẹ kọ́ ní Fátíà.

Ọlọ́pàá wá mú un. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Bàbá Ọ̀yọ́ mú ọkùnrin kan wá láti iléeṣẹ́ omi. Ó so okùn mọ́ ìgò, ó bu omi nínú kànga tiwa, ó bu nínú tiyín, ó gbé méjèèjì sójú oòrùn. Ọ́ìlì kan náà, ti inú tiyín kàn fẹ́lẹ́ tí ojú kò fi tètè rí i ni. Òórùn kan náà. Ó ní omi ńlá kan ṣoṣo ló dùbúlẹ̀ sí abẹ́ gbogbo ibẹ̀, lábẹ́ tiwa, lábẹ́ ti Bùrọ̀dá, títí dé abẹ́ oko àwọn ará ìsàlẹ̀. Ó ní ìkòkò kan ni, gbogbo wa kàn ń ki igbá bọ̀ ọ́ láti ẹnu ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bí ẹnì kan bá fà á jù, ti ẹnì kejì á lọ sílẹ̀. Ohun tí ẹnì kan bá dà sí i, tí ẹnì kejì bá ń fà, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fà ló ń lọ.

Àwọn ọlọ́pàá ti mú Bùrọ̀dá Sàlíù wá síbẹ̀, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ fún un. Gbogbo wọn ń wo ilẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́. Mo lọ dúró níwájú rẹ̀, mo ní, “Ohun tí ẹ dà sí tiwa ni Sàrátù mu. Ẹ̀yin lẹ fà á wá fún un.”

Ó wo ìgò kan, ó wo èkejì. Lẹ́yìn náà ó sáré, ó fi orí sọ ìdérí irin tó ṣe sí kànga náà, gbàù, ó tún fi sọ ọ́, iwájú orí rẹ̀ là, ọlọ́pàá mẹ́ta ló rọ́ lù ú kí wọ́n tó lè dá a dúró. Ṣé kí n sọ òtítọ́ fún yín? Inú mi kò dùn. Mo ti rò pé á dùn.

Bàbá Ọ̀yọ́ gba béèlì rẹ̀ títí di ìgbà tí ẹjọ́ máa bẹ̀rẹ̀, kí ó lè wà níbi àdúrà ọmọ rẹ̀. Níbẹ̀ ni àwọn àgbà ti jókòó, tí wọ́n pinnu pé dídí ni kí wọ́n dí kànga méjèèjì. Ọkùnrin iléeṣẹ́ omi bẹ̀ wọ́n. Ó ní bí wọ́n bá dí i, oògùn náà á wà nísàlẹ̀, á máa bá omi lọ díẹ̀díẹ̀ sí oko àwọn tí kò jà. Ó ní kí a gbọ́n omi náà dànù sórí àpáta níbi tó jìnnà, kí ẹnì kan wọlé lọ kó ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ jáde, kí a tún gbọ́n, kí a tún gbọ́n, kí òun tún wá wò ó kí ẹnikẹ́ni tó fi ẹnu kàn án. Àwọn àgbà ní kànga tó pa ọmọ, èèwọ̀ ni.

Nígbà tí wọ́n kírun Jímọ̀ tán, wọ́n dé pẹ̀lú òkúta nínú kẹ̀kẹ́ ẹrù. Mo ti wà lórí ẹnu kànga wa, àdá tí ọlọ́pàá kò rí kó lọ wà lọ́wọ́ mi. Bí omi yẹn bá lọ, kí ni Múfú ọlọ́wọ́ kan máa jẹ? Kí ni ìyá mi máa jẹ? Kí ni àwọn ará ìsàlẹ̀ tí kò bá wa jà máa fi rin ebè wọn?

Bàbá Ọ̀yọ́ ní, “Ṣé o ti ya wèrè ni?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin bàbá. Ẹni tó bá ju òkúta àkọ́kọ́, màá ṣá a.” Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kọ́, mo fẹ́ ṣá ènìyàn lọ́jọ́ náà.

Àwọn èèyàn là sí méjì. Bùrọ̀dá Sàlíù ló ń bọ̀, láìwọ bàtà, aṣọ tí wọ́n fi di egbò orí rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ó gbé okùn kọ́ èjìká. Ó so okùn mọ́ ìbàdí ara rẹ̀, ó wo inú kànga wa.

Ẹ mọ àṣà iṣẹ́ yẹn jù mí lọ. Ẹni tó ń wọ kànga ló ń yan ẹni tó máa di okùn mú, kò sì sí ẹni tó lè bá a jiyàn. Ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan okùn náà àyàfi bí ẹni tó di okùn mú bá ké sí i. Àna rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, géńdé ọkùnrin. Ó rìn kọjá lára wọn, ó gbé okùn náà sí mi lọ́wọ́.

“Ìwọ ni kí o dì í mú.”

Mo ju àdá sílẹ̀. Àwọn àgbà náà sọ òkúta wọn sílẹ̀, wọ́n bá wa gbọ́n omi kànga náà dànù sórí àpáta títí ẹrẹ̀ fi yọ. Mo yí okùn náà mọ́ kùkùté tó wà níbẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ wá ihò ara ògiri, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Àwọn yòókù ń fi okùn mìíràn fa ẹrẹ̀ dúdú jáde, wọ́n ń gbé e lọ sórí àpáta. A ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ nísàlẹ̀. Wọ́n ní kí ó máa bọ̀ wá sinmi, ó tún kó ẹrẹ̀ kún korobá. Ìgbà tí ẹrẹ̀ tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ó kù díẹ̀ kí orí rẹ̀ yọ, afẹ́fẹ́ burúkú ìsàlẹ̀ yẹn mú un, ọwọ́ rẹ̀ tú, gbogbo ìwúwo rẹ̀ já lé okùn. Okùn náà sáré gba àtẹ́lẹwọ́ mi kọjá, ó bó awọ rẹ̀. Mo ti ẹsẹ̀ mọ́ kùkùté, mo dì í mú.

Wọ́n yí mi ká, gbogbo wọn ń wo ẹnu mi. N kò ké. Bàbá, n kò ké sí ẹnikẹ́ni. Mo rí ojú Sàrátù. Mo rí egungun Múfú. Mo mọ̀ pé bí mo bá la ọwọ́ báyìí, kò sí adájọ́ tó máa béèrè lọ́wọ́ mi, wọ́n á ní okùn yọ̀ ni. Ọwọ́ mi fẹ́ là. Ó wù mí kí ó là. Ẹ̀jẹ̀ ń kán láti ọwọ́ mi sórí okùn, okùn ń fà á lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.

Mo pariwo, “Ẹ bá mi fà á!”

Wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹrẹ̀ kún imú rẹ̀, kún ẹnu rẹ̀. Nígbà tí ó mí, ojú mi ló kọ́kọ́ wò. Ó ní, “Kí ló dé tí o kò fi jù mí sílẹ̀?”

Mo ní, “Kànga Bàbá ṣì kù tí ẹ máa wọ̀.”

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tí kò tíì dárí ji ẹnikẹ́ni, tó sì fẹ́ràn yín síbẹ̀síbẹ̀.